Bí Ọdẹ́yalé Ṣe Jẹ́rìí fún Ilé Pàṣípààrọ̀ Inú Igbó

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Ọ̀jẹ̀lábí alágbẹ̀dẹ ṣì wà láyé, ewìrì rẹ̀ ṣì ń mí bí ẹni tó sáré. Baba Fátólú, ẹni tó kọ́kọ́ fi páànù kan ilé ní Ìdó-Àparò, ṣì wà. Ó ti fọ́jú, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń gbọ́ òjò kí òjò tó dé. Ìyá tó bí ìbejì lẹ́ẹ̀mẹta lágboolé Olóńdè kò tíì relé. Àwẹ̀ró náà ṣì wà. Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n Ọdẹ́yalé, ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọ ilé ẹni. Gbogbo wọn ló ti lọ báyìí. Ọ̀rọ̀ ló kù.

Ọdẹ́yalé ni ọdẹ tó dàgbà jù ní Ìdó-Àparò. Bí oòrùn bá ti rọ̀ díẹ̀, tí àwọn èèyàn ti oko dé, ẹnu ilé arọ́ Ọ̀jẹ̀lábí ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọn a ní, "Baba Ọdẹ, ẹ sọ ti Igbó Àìbojúwẹ̀yìn fún wa." Ọdẹ́yalé a kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. A tẹ́ awọ ẹtu rẹ̀ sílẹ̀, a fín aáṣáà, a sín lẹ́ẹ̀mejì, a wá ní:

"Ẹ̀yin tí ẹ̀rù ń bà, ẹ sún mọ́ ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ láyà, ẹ sún mọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ, ojú mi yìí ló rí i, ẹsẹ̀ mi yìí ló rìn ín, ẹ̀bi rẹ̀ sì ń bẹ lọ́rùn mi yìí."

"Ẹnu rẹ ni o kò dárúkọ," Ọ̀jẹ̀lábí a dá a lóhùn láti ìdí iná, "bẹ́ẹ̀ òun ló ṣiṣẹ́ jù."

Wọn a rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́yalé náà a rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì ní bá ẹnu rẹ̀ lọ.

Ọkàn Àwẹ̀ró ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá pọnmi láti odò dé ẹ̀yìnkùlé, èémí rẹ̀ a máa dún bí ewé gbígbẹ. Dókítà ìlú ńlá fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní àfi kí àwọn ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún un kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé. Bí òjò bá bá a báyìí, kò ní bá wọn jẹ iṣu tuntun. Owó tí dókítà dárúkọ, bí wọ́n ta gbogbo ewúrẹ́ Ìdó-Àparò mọ́ àwọn tó ni wọ́n, kò tó o. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ní ọmọ kan ṣoṣo lókè òkun, Adégẹyè, tó ń fọ àwo nílé oúnjẹ àwọn òyìnbó. Ọmọ náà kó làálàá ọdún mẹ́fà jọ, ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀.

Owó tó fi ránṣẹ́ kì í ṣe èyí tí a ń tẹ́wọ́ gbà. Kò ní bébà, kò ní irin, kò rùn, kò dún. Kírípítò ni wọ́n ń pè é. Ó bà sórí fóònù Àwẹ̀ró bí ẹyẹ tí a rí òjìji rẹ̀ tí a kò rí ìyẹ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ náà kì í ṣe irin. Ọ̀rọ̀ méjìlá ni, tí Adégẹyè ní kí ìyá òun há sórí, kí ó má sọ fún ẹ̀dá. Kí dókítà tó lè gba owó yìí, ó di dandan kí ó kọjá nílé pàṣípààrọ̀, níbi tí wọn yóò ti sọ ọ́ di náírà.

Àwọn ilé pàṣípààrọ̀ ńláńlá ní kí Àwẹ̀ró mú ìwé ọjọ́ ìbí wá. Ọdún tí eṣú jẹ oko ni wọ́n bí Àwẹ̀ró. Ta ni yóò wá lọ gba ìwé lọ́wọ́ eṣú? Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ilé kékeré kan ṣoṣo ló ní òun kò béèrè ohunkóhun, kí ó sá máa bọ̀. Gbẹ̀kẹ̀lé ni orúkọ ilé náà, inú Igbó Àìbojúwẹ̀yìn ló wà.

Àwẹ̀ró pe àbúrò rẹ̀. Oríkì rẹ̀ ló fi pè é, bí ó ti máa ń pè é láti kékeré.

"Àdìgún, ìdajì ìlú ní ilé náà dára, ìdajì ní kò dára. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó? Ìwọ lo máa ń wo ipasẹ̀ ẹran lórí ẹrẹ̀, tí o máa mọ̀ bóyá ó lóyún. Lọ wò ó fún mi. Bí o bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà. Bí o bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, mo gbà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí ojú mi bá tàn mí ńkọ́?"

"Ojú rẹ? Ojú rẹ tí o ní ó rí ìgbín tó ń sáré?" Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú. Nígbà tí ó rí èémí mí, ó ní, "Tètè lọ. Òjò kò jìnnà."

Bí Ọdẹ́yalé ṣe wọ igbó náà, ẹ má béèrè. Igbó tí igi rẹ̀ ń wòkè tí gbòǹgbò rẹ̀ ń wo ẹni kì í ṣe ibi à ń ka ìgbésẹ̀. Ó gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó kó òyà gbígbẹ sínú àpò, ó wọ̀ ọ́ lọ.

"Èmi Ọdẹ́yalé!" Ọdẹ́yalé a ní bí ó bá sọ ọ́ dé ibẹ̀ nílé arọ́, a sì gbá àyà. "Èmi tí ẹkùn rí, tó ní òun ń wá ewé jẹ! Ta ni nínú yín tó lè wọ ibẹ̀?"

"Èmi kọ́," Ọ̀jẹ̀lábí a ní. "Èmi ní iṣẹ́ lọ́wọ́."

Odò ni ó kọ́kọ́ kàn. Ìyá arúgbó kan jókòó sí àárín omi, irun rẹ̀ ń bá odò ṣàn lọ, ẹja wẹ́wẹ́ ń gbé inú rẹ̀. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí ọdẹ kọjá àfi bí ó bá já àlọ́ òun.

"Ilé wo ni gbogbo àlejò ń fi ayọ̀ wọ̀, tí ẹnìkan kì í jáde?"

Ọdẹ́yalé fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. "Ìgèrè ni, Ìyá! Ẹja a wọ inú rẹ̀, kì í mọ ọ̀nà àbájáde."

"O mọ orúkọ rẹ̀," ni Ìyá Odò wí. "Ṣé o máa mọ ojú rẹ̀?" Ó wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ń fi iná ṣeré. "Nítorí pé o já a, n ó fún ọ ní ìbéèrè mẹ́ta tí o máa bi ilé náà. Ta ló ni ín, agboolé wo ni wọ́n ti bí i? Bí ìjà bá dé láàárín yín, iwájú ta ni ẹ ó jọ dúró sí? Lẹ́yìn náà, kọ́kọ́rọ́ àká ẹni, ta ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ó bá kọsẹ̀ níbi ọ̀kan péré, yí padà sílé. Má dúró mu omi."

Ọdẹ́yalé dúpẹ́, ó kọjá. Kò tíì gbẹ tán tí iwin kan fi dí ojú ọ̀nà mọ́ ọn. Ọwọ́ mẹ́rìndínlógún ni iwin náà ní, gbogbo rẹ̀ ló tẹ́ síwájú bí ọwọ́ alágbe. Ọdẹ́yalé yìnbọn fún un. Ọta di ẹ̀wà, iwin náà ṣà á jẹ. Wọ́n wọ̀yá ìjà. Igi ń wó, ẹyẹ ń kó ọmọ wọn sá. Nígbà tí iwin náà fi ọwọ́ mẹ́jọ di ọdẹ mú, tó sì ń wá ibi tí yóò fi mẹ́jọ yòókù gbá a, Ọdẹ́yalé fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó gbé e ṣánlẹ̀ gbìì.

"Má pa mí, ọdẹ," ni iwin náà sunkún. "Ọwọ́ méjì ni wọ́n fi bí mi. Ilé Gbẹ̀kẹ̀lé ló kó owó mi. Ìgbàkígbà tí mo bá nawọ́ sí wọn pé kí wọ́n fún mi ní tèmi, ọwọ́ méjì mìíràn a hù. Ẹ̀ẹ̀keje rèé. Bí ibẹ̀ lò ń lọ, padà."

Ọdẹ́yalé ti orí àyà rẹ̀ dìde, ó gbọn eruku ara. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹni tí a dá, ẹkún ló máa ń jẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé iwin náà ló dá òun ni, ṣé bí yóò ṣe sọ ọ́ nìyí? Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọwọ́ rẹ̀.

Ó wọ Ìlú Ayáhọ́n. Níbẹ̀, ahọ́n ni wọ́n fi ń ṣòwò: wọ́n ń yá a fún ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n yin òun. Gbogbo ẹni tí Ọdẹ́yalé bi nípa Gbẹ̀kẹ̀lé ló ní, "Ilé rere ni, wọn kì í pẹ́ san, èmi àti ìdílé mi ń dúpẹ́." Ọkùnrin wí bẹ́ẹ̀, obìnrin wí bẹ́ẹ̀. Baba kan tí kò láya tí kò lọ́mọ wí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló sì ń húkọ́ lẹ́yìn "pẹ́ san".

"Ẹ dákun," ni Ọdẹ́yalé bi obìnrin kan, "kí ló dé tí gbogbo yín ń húkọ́ síbì kan náà?"

"Ẹni tó kọ́ wa ni kò sàn lọ́jọ́ náà," ni obìnrin yẹn dáhùn. "Ṣé ẹ fẹ́ kí n yin ẹ̀yin náà? Kò wọ́n."

Àwọn ará ilé arọ́ a dá ẹ̀rín sílẹ̀ níbí yìí. Ọ̀jẹ̀lábí a sì ní, "Ọdẹ́yalé, ṣé kì í ṣe pé o sanwó fún un?"

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni!" Ọdẹ́yalé a pariwo. "Ṣé òmùgọ̀ ni mí? Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dùn náà, ẹni tó ń tà á a máa kígbe rẹ̀. Ìyìn àyálò kì í ṣe olè jíjà." Ohùn rẹ̀ a sì wálẹ̀. "Ẹni tó ń wá bẹ́ẹ̀ ni, ibi gbogbo ló ti ń rí i."

Ó dé Gbẹ̀kẹ̀lé. Ilé kékeré ni, ó ń dán bí ojú omi. Kò fi ìpìlẹ̀ kan ilẹ̀. Ó so rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ bí àdán. Ihò kékeré kan wà lára ògiri, ohùn ń ti ibẹ̀ jáde.

"Ẹ káàbọ̀ o, oníbàárà wa ọ̀wọ́n."

"Ẹ ṣé o. Ta ló ni ilé yìí?"

"Ọ̀gá wa ni."

"Agboolé wo ni wọ́n ti bí i?"

"Ìbéèrè yín ṣe pàtàkì sí wa. A ń ṣiṣẹ́ lé e lórí."

"Bí ìjà bá dé, iwájú ta ni a ó jọ dúró sí?"

"Ẹ wo òǹtẹ̀ wa lára ògiri. Ọba Erékùṣù Oníyanrìn ló lù ú."

Ọdẹ́yalé wo òǹtẹ̀ náà. Ó rẹwà. Ó béèrè ọ̀nà erékùṣù náà, ohùn ní omi ti bò ó, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

"Kọ́kọ́rọ́ owó ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ọwọ́ ta ni yóò wà?"

"Àgbàlagbà a máa gbàgbé," ni ohùn náà wí jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ kí á bá wọn tọ́jú rẹ̀."

Mẹ́ta ni Ìyá Odò fún un, ilé náà kọsẹ̀ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdẹ́yalé yí padà. Ó rin ogún ìgbésẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ohun tó dá a dúró kì í ṣe oògùn. Ó ń ronú pé òun ń lọ sílé lọ sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ fún Àwẹ̀ró, òjò sì ń bọ̀, kò sì sí ilé mìíràn ní gbogbo ayé tó gbà láti ṣílẹ̀kùn fún un. Bẹ́ẹ̀ kọ́ yẹn, sàréè ni. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé ìbéèrè Ìyá Odò, ìbéèrè ẹlẹ́ja ni. Òun yóò fi ohun tí àwọn ará Ìdó-Àparò fi ń mọ olóòótọ́ dán ilé yìí wò.

Ní Ìdó-Àparò, ẹni tó bá ń lọ sóko a máa pàtẹ iṣu tàbí ata sẹ́bàá ọ̀nà láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. A to òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iye òkúta ni iye owó. Ẹni tó bá fẹ́ rà, a fi owó sílẹ̀, a gbé ọjà. Bí àlejò bá wá fẹ́ ọmọ wọn, àwọn òbí a pàtẹ síbi tí yóò gbà kọjá, wọn a sì sápamọ́ wò ó. Ẹni tó bá san án pé, ọmọ di tirẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àdánwò yìí kò já wọn kulẹ̀ rí.

Ọdẹ́yalé to òyà gbígbẹ márùn-ún síwájú ilé náà, ó to òkúta mẹ́ta mẹ́ta tì í, ó gun igi. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, àwọn ará ilé náà ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ san mẹ́ta, ó mú òyà kan. Ẹnìkejì wo owó ọwọ́ rẹ̀, kò pé, ó sáré wọlé lọ mú ìyókù wá. Ẹnìkẹta san mẹ́rin, ó ní sókè, "Ẹran yìí tóbi ju mẹ́ta lọ, n kò ní rẹ́ olówó ẹran jẹ."

Ọdẹ́yalé sunkún lórí igi. Ọdẹ tó dá iwin olọ́wọ́ mẹ́rìndínlógún, ẹkún rẹ̀ ń kán sórí ewé. Ó sọ̀kalẹ̀, ó kó owó òyà fún ilé náà kí wọ́n pa á dà. Kí ó tó sín lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti dá a padà fún un pẹ̀lú èlé. Ó fò sókè. Ibi tí wọn kò ti jí ẹran tí kò lólùṣọ́, ṣé ibẹ̀ ni wọn ó ti jí owó aláìsàn?

Ó dé ilé, ó dúró sójú ọ̀nà, ó ké, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi! Bẹ́ẹ̀ ni!"

Àwẹ̀ró kò bi í ní nǹkan kan. Ó fi ọ̀rọ̀ méjìlá náà ránṣẹ́ sí ilé Gbẹ̀kẹ̀lé, ó sì jókòó síwájú fóònù bí ẹni jókòó ti ìkòkò tó fẹ́ hó. Ọjọ́ kìíní, fóònù ní ó ń lọ lọ́wọ́. Ọjọ́ kẹta, ó ń lọ lọ́wọ́. Ọjọ́ keje, ohùn inú ihò ní kí wọ́n san owó ìṣílẹ̀kùn kí tiwọn tó lè jáde. Àwẹ̀ró ta ewúrẹ́ mẹ́rin, ó san án. Ọjọ́ kọkànlá, ohùn náà kò dáhùn mọ́.

Ọdẹ́yalé gbé ìbọn, ó sáré padà sínú igbó. Ilé náà kò sí níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń rọ̀ níbi tó ti rọ̀. Iwin nì jókòó sábẹ́ igi, ó ń ka ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ti di méjìdínlógún.

"Kí ni mo wí fún ọ?" ni iwin náà béèrè, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Wọ́n san owó ẹran mi! Mo wà lórí igi, mo fi ojú mi rí i!"

"Wọ́n mọ̀ pé o wà lórí igi. Ará Ìdó-Àparò mélòó lo rò pé ó ti gun igi yẹn? Ìlú mìíràn, omi ni wọ́n ń bù fún àlejò láti fi mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Gbẹ̀kẹ̀lé kọ́ bí a ti ń mu omi ìlú yẹn. Ọdẹ, olè kékeré ń kọ́ bí a ti ń ṣílẹ̀kùn. Olè ńlá, bí o ti ń mọ olóòótọ́ ló ń kọ́."

Ọdẹ́yalé jókòó ti iwin náà. Ibi tí wọ́n jókòó sí ni ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ ti bà lé e lọ́wọ́.

Níbi yìí, kò sí ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín mọ́ nílé arọ́. Ọ̀jẹ̀lábí a ti dẹwọ́ ewìrì.

Ọdẹ́yalé dé ilé ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Àwẹ̀ró wà lórí ẹní, wọ́n fi ìrọ̀rí mẹ́ta gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kí ó lè rí èémí mí. Àbúrò rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ títutù.

"Dìde, Àdìgún. Ilé náà ti lọ?"

"Ó ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó pa ojú dé díẹ̀. "Kó o tó gun igi rẹ yẹn, ṣé o ti mọ̀ pé kò dára?"

Ọdẹ́yalé kò tíì purọ́ fún un rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń jẹun nínú àwo kan. "Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o ní bẹ́ẹ̀ ni?"

"Kò sí ilé mìíràn, ẹ̀gbọ́n mi. N kò lè gbé bẹ́ẹ̀ kọ́ wá bá yín."

"Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo rán ọ lọ mú wá, bí ó bá jẹ́ òun ló wà níbẹ̀." Kò pariwo, èémí tó máa fi pariwo kò sí. "Ǹ bá dá owó ọmọ mi padà fún un. Ọdún mẹ́fà, Àdìgún. Àwo mélòó nìyẹn?"

Ọdẹ́yalé tún fi iwájú orí kan ilẹ̀.

Fóònù dún. Adégẹyè ni. Àwẹ̀ró na ọwọ́, wọ́n gbé e fún un. Ohùn ọmọ náà jáde ketekete nínú yàrá: "Ìyá mi, ṣé wọ́n ti san án? Dókítà ńkọ́?"

Àwẹ̀ró wo àbúrò rẹ̀. Ó fa èémí, ó tún un fà títí ó fi tó èyí tó lè gbé ọ̀rọ̀.

"Wọ́n ti san án, ọmọ mi," ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín kí ọmọ náà lè gbọ́ ẹ̀rín. "Gbogbo rẹ̀ pé. Wọ́n ń múra sílẹ̀ fún mi. Lọ jẹun."

Ó dá fóònù padà lé àyà rẹ̀. Òjò ń lu páànù. Kí oòrùn Ọjọ́rú yẹn tó kan àtàrí, Àwẹ̀ró ti kú.